Bí Mo Ṣe Bá Gbóyèga Àbúrò Mi ní Àfonífojì Ẹrù

Ẹ̀yin ará, ẹ jókòó, ẹ má dìde nítorí mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Mo mọ̀ pé ìran pọ̀ nínú ìjọ wa. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan láàárín wa kì í lọ sí ọ̀run kí ó sì padà dé kí ìrẹsì tó jinná. Gbogbo wọn ló ń rí òpópónà wúrà, gbogbo wọn ló ń rí àga tí wọ́n ti kọ orúkọ wọn sí lára. Èmi kò rí wúrà. Àga tí mo rí, n kò lè sọ pé tèmi ni. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, Bàbá Alàgbà sì ti fún mi láyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kí n gé e kúrú.

Ọjọ́ Ẹtì tí a gbààwẹ̀ ni. A ti parí àdúrà ọ̀sán, àwọn yòókù ti lọ sinmi lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nìkan ló kù lórí ẹní níwájú pẹpẹ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ọ̀kan lọ: kí Olúwa jẹ́ kí n mọ ibi tí àbúrò mi, Gbóyèga, wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òun ló ṣe ìwé orin ìjọ wa sórí fóònù, tí a kì í fi í gbé ìwé orin jíjá kiri mọ́. Nígbà tó kú nínú òjò tó kọjá, ẹ̀yin lẹ gbé e sin. Bàbá Alàgbà wàásù pé ó ti ń kọrin báyìí níbi tí bátìrì kì í ti í kú. A rẹ́rìn-ín, a tún sunkún. Ṣùgbọ́n èmi tí mo pọ̀n ọ́n dàgbà, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo gbàdúrà títí ahọ́n mi fi gbẹ, mo gbé orí lé ẹní, oorun sì gbé mi lọ.

Mo kàn rí i pé mo dúró lójú ọ̀nà kan tí nǹkan kan kò ní òjìji. Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aṣọ rẹ̀ funfun ṣùgbọ́n kò dán. Mo wólẹ̀, mo ní, "Olúwa mi, ṣé ẹ̀yin ni Gébúrẹ́lì?"

Ó ní, "Dìde. Gbogbo ẹni tó bá wá láti ìjọ yín ló máa ń béèrè Gébúrẹ́lì. Èmi ni wọ́n rán sí ọ. Máa bọ̀."

Ó kọ́kọ́ mú mi dé ibi tí àwọn olóòótọ́ ti ń sinmi. Kò sí ẹnubodè péálì níbẹ̀. Odò kan ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́, àwọn èèyàn sì jókòó sí bèbè rẹ̀. Mo ń wò bóyá wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, wọn kò kọrin. Bàbá arúgbó kan ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Obìnrin kan dìde, ó bu omi fún un nínú ife, ó sì padà lọ jókòó. Omi lásán ni o. Kò sí ẹni tó béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kó tó mu ún. Kò sí ẹni tó ní kó kọ́kọ́ gba ṣíbí àti àwo mọ́ ọn. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé ife kalẹ̀.

Amọ̀nà mi ní, "Ìsinmi nìyẹn. Ẹni tó bá béèrè ohun kan, ohun kan náà ni a ń fún un."

Láàárín wọn ni mo ti rí ọkùnrin kan tí ìjọ wa lé jáde nítorí pé ó máa ń béèrè ìbéèrè lẹ́yìn ìwàásù. Ó jókòó pẹ̀sẹ̀, ó sì kí mi. N kò mọ bí mo ṣe lè wò ó lójú. Mo ń wá Gbóyèga kiri, mo wo ojú kan, mo wo òmíràn.

"Kò sí níhìn-ín," ni amọ̀nà mi wí, kí n tó la ẹnu.

Ó di mí lápá mú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Ooru kọ́kọ́ dé, òórùn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohùn àwọn èèyàn. A kọjá lọ́dọ̀ àwọn òpùrọ́: òtítọ́ ni wọ́n ń sọ lọ́sàn-án lóru, ẹnikẹ́ni kò sì gbà wọ́n gbọ́. A kọjá lọ́dọ̀ àwọn alágbèrè: wọ́n so oníkálùkù mọ́ ẹni tó fi orúkọ "Káfíńtà" pamọ́ sórí fóònù rẹ̀, ojú kan ojú, wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè bá ara wọn sọ mọ́. A dé ọ̀dọ̀ àwọn aninilára, wọ́n tò sí ojú fèrèsé kan tó máa ń tì nígbàkígbà tó bá kan ẹni tó wà níwájú. Ọ̀kan nínú wọn pariwo sí amọ̀nà mi pé, "Ẹ sọ fún wọn pé Olóyè Dókítà ni mí o!"

Amọ̀nà mi kò tilẹ̀ dúró. Ó ní, "Iná kì í bi èèyàn léèrè oyè rẹ̀."

Mo rò pé a ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá. A kò tíì dé ibẹ̀. Ilẹ̀ là níwájú wa, mo sì wo inú àfonífojì kan. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Èèyàn kún ibẹ̀ bí eṣú, olúkúlùkù ru ẹrù, ẹrù lórí ẹrù, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ń sáré, mo bi ara mi pé kí ni wọ́n ń lé, àṣé níwájú ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ohun kan gbé kọ́ tó dà bí gíláàsì fóònù, ó tóbi bí ilẹ̀kùn, ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé, Ẹrù rẹ ti wúwo jù, ṣé kí a bá ọ sọ̀ ọ́? Bẹ́ẹ̀ ni fẹ̀ bí ẹní lórí gíláàsì náà, Rárá sì kéré bí ẹyin iná orí, ẹni tó bá tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á sọ ẹrù kan fún un, wọ́n á sì di méjì mìíràn lé e, ẹni tó bá sì ti gbọ́n, tó ní Rárá lòun fẹ́ tẹ̀, bó ṣe na ìka báyìí, Rárá á sá lọ sí igun kejì, òun náà á sáré tẹ̀ lé e, á ṣubú, á dìde, ẹrù á tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á máa ké pé "Rárá! Rárá!" ṣùgbọ́n ẹnu kọ́ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ìka ni.

Mo fi ọwọ́ bo ojú. Mo ní, "Olúwa mi, kí ni àwọn wọ̀nyí ṣe?"

Ó ní, "Wọ́n di ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò béèrè mọ́ èyí tí gbogbo èèyàn béèrè. Wọ́n ní àtúnṣe ni."

Nítòsí wa ni agbẹjọ́rò kan jókòó, wíìgì rẹ̀ ṣì wà lórí, ó ń ka ìwé àdéhùn gígùn kan sókè. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ nígbà tó wà láyé. Bó bá ti ku gbólóhùn kan kó parí, ohùn kan á sọ fún un pé, "A ti yí i padà. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè." Á sì bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ta ló kọ irú nǹkan báyìí?"

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ẹnì kan pè mí.

"Àǹtí Ìyábọ̀! Ta ló kú?"

Gbóyèga ni. Ọrùn rẹ̀ ti wọnú èjìká lọ. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ga ju ilé ìsìn yìí lọ.

Mo ní, "Ẹnì kankan ò kú, ọmọ ìyá mi. Ìran ni mo rí."

"Ìran!" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, okùn kò jẹ́. "Ẹ ò tíì fi ṣọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀ síbẹ̀."

Mo ní, "Gbóyèga, kí lo ṣe?"

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ohun tó ṣe, ẹ kàn di ẹ̀bi rẹ̀ ru èṣù ni. Ẹ rántí pé bí fóònù bá ti sọ pé àtúnṣe tuntun dé fún ìwé orin, ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní àpúdéètì, gbogbo wa la máa ń tẹ Mo gbà, a kì í wo ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹ rántí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni áàpù tẹ́tẹ́ á hù jáde, àti èyí tó ń ta àgbo ìsanra, àti tọ́ọ̀ṣì tí kì í tàn àfi bó bá kọ́kọ́ mọ ibi tí o wà. Àwọn tó ni wọ́n ló ń sanwó fún Gbóyèga kó bá wọn dì í mọ́ orin Olúwa. Ẹ rántí ọjọ́ tí a ń sin ìyàwó Bàbá Ẹgbẹ́ Ọkùnrin, tí fóònù wọn ń ké létí sàréè pé, "Tẹ́tẹ́ ń pè ọ́! Tẹ́tẹ́ ń pè ọ́!" Wòlíì Sámúsìn ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, wọ́n fún Bàbá ní omi ìyè kí wọ́n wọ́n ọn sára fóònù náà. Bàbá wọ́n ọn. Ẹ̀mí náà kú lóòótọ́, fóònù náà sì bá a lọ.

Ìyẹn a lè fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lókè gbogbo ẹrù Gbóyèga, fóònù kékeré kan ń dún. Ó ń dún, ó ń dún, kò dákẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbé e.

Ó ní, "Ọwọ́ mi méjèèjì ló di ẹrù mú, Àǹtí mi. Ọmọ Màmá Rúùtù ló ń pè."

Màmá Rúùtù, ẹ má bínú pé mo ń sọ ọ́ lójú yín. Ẹ̀yin ará mọ̀ pé orí fóònù nìkan ni màmá yìí ti máa ń gbọ́ ohùn ọmọ wọn tó wà ní Kánò. Nǹkan tí ìwé orin kó wọlé kún fóònù náà dẹ́nu, títí tí kò fi lè dún mọ́. Ọmọ náà pè wọ́n lórí ibùsùn ilé ìwòsàn kó tó jáde láyé. Ó pè, ó pè. Ìpè yẹn ni mo gbọ́.

Inú bí mi. Mo ní, "Kí ló dé tó o ṣe irú èyí sí àwọn èèyàn tó fẹ́ràn rẹ?"

Ó ní, "Wọ́n gbà. Ìka ara wọn ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́."

"Wọn ò kà á!"

"Níbo lẹ rò pé mo ti mọ̀ pé wọn ò ní kà á? Níwájú pẹpẹ wa ni. Ẹ rántí àdúrà ìkórè. Bàbá Alàgbà ní kí òjò rọ̀, ẹ ṣe Àmín. Wọ́n ní kí àgbàdo yọmọ, ẹ ṣe Àmín. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ń fojú wá ipò àwọn kú sójú ọ̀nà, Àmín! Bàbá Díákónì tó ń wá ipò náà, tiwọn ló ròkè jù. Ẹ̀yin gan-an ṣe é, Àǹtí mi, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mo wò yín, mo ní, àwọn tó gba èyí, kí ni wọn ò ní gbà?"

Mo yíjú sí amọ̀nà mi, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo ní, "Olúwa mi, ṣé kò sí ọ̀nà tó lè fi jáde?"

Ó ní, "Ọ̀kan wà. Ẹnikẹ́ni tí Gbóyèga di ẹrù lé lórí lè tú u sílẹ̀. O wà lára wọn. A ó ka ìtúsílẹ̀ rẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá kà á tán, kí o wá sọ bóyá o gbà tàbí o kò gbà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni fún alààyè kan. Níhìn-ín, a kì í ka ẹni tí kò gbọ́ tán mọ́ ẹni tó gbà."

Inú mi dùn. Mo ní kí ló le nínú ìyẹn? Ṣùgbọ́n Gbóyèga kúnlẹ̀ tòun tẹrù, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Àǹtí mi, mo fi Màmá wa bẹ̀ yín. Ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹnu yín, ẹ dì í mú."

Mo ní, "Ọmọdé ni mí ni?"

Ẹnì kan bọ́ síwájú láti kà á. Ohùn rẹ̀ ni n kò retí. Kì í ṣe ohùn kóòtù. Ó jinlẹ̀, ó ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ohùn Bàbá Alàgbà lọ́jọ́ ọdún gan-an.

"Ìyábọ̀ tó wà láàyè, ìwọ tó mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó, ni a ń kà á sí létí. Kí a tú okùn kúrò lọ́rùn Gbóyèga."

Ètè mi gbọ̀n. Mo fi ọwọ́ kan bò ó.

"Kí a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo fi ọwọ́ kejì bò ó. Omi ń dà lójú mi. Gbóyèga ń wò mí, ó ń mi orí, pé kí n ní sùúrù.

"Kí ìpè náà dákẹ́. Kí ó rìn dé etí odò. Kí ó béèrè omi, kí wọ́n sì fún un ní omi, ní orúkọ..."

"Àmín!"

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe èmi. Ẹnu mi ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí nínú ọjá, bí mo bá ti gbọ́ "ní orúkọ", ẹnu mi kì í dúró dè mí. Ó la ọwọ́ mi méjèèjì kọjá, ó dún, àfonífojì náà sì gbà á, ó ń sọ ọ́ kiri.

Akàwé pa ìwé rẹ̀ dé.

Mo ní, "Ẹ dákun! Ẹ parí rẹ̀! Mo ń gbọ́!"

Ó ní, "Ó ti tán níbi tí o dá a dúró sí."

"Kí ló kù nínú rẹ̀? Orúkọ ta ni?"

Ó ti ń lọ, mo sáré tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi síwájú, mo bojú wẹ̀yìn, wọ́n ti ń di ẹrù tuntun lé Gbóyèga lórí, ọ̀kan, òmíràn, òmíràn, ọrùn rẹ̀ ń wọlé, ìpè yẹn ń dún, mo ń ké pé n kò gbà, n kò gbà, mo ń fi gbogbo ara ké e, kò sì sí ẹni tó yíjú.

Gbóyèga ló tù mí nínú. Ó ní, "Ó tó, Àǹtí Ìyábọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ."

"Kí lo wí?"

"Ìyàwó mi ti wá. Ó gbìyànjú, ó dé ibi okùn. Wòlíì Sámúsìn wá, àwọn ṣe Àmín kí akàwé tó la ẹnu. Bàbá Alàgbà wá, wọ́n gba àdúrà náà mọ́ ọn lẹ́nu, àwọn ni wọ́n parí ẹ̀, wọ́n tún ní ká kọrin. Gbogbo yín lẹ ti wá tán. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ wúrà."

Mo ní, "Ṣé kò wá ku ẹnì kankan ni?"

Ó ní, "Ó ku Màmá Rúùtù. Ṣùgbọ́n wọn ò ní wá. Èèyàn gbọ́dọ̀ sùn kó tó lè dé ibí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ pé ọmọ wọn pè wọ́n, wọn ò sùn mọ́."

Ojú mi là. Orí ẹní ni mo wà, oòrùn ọ̀sán ń ta sí mi lójú láti ojú fèrèsé, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn èèyàn lábẹ́ igi máńgòrò.

Ìkìlọ̀ tí mo gbà wá nìyí. Ìwé orin yẹn ṣì wà lórí fóònù yín. A kò mọ ẹni tó rà á lẹ́yìn ikú Gbóyèga. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí a ń kọ orin ìbẹ̀rẹ̀, ó tún sọ pé àtúnṣe dé, mo sì rí gbogbo àtàǹpàkò yín bó ṣe ń lọ síbẹ̀. Ẹ kà á. Bí kò bá yé yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sì ń gbàdúrà lé yín lórí, ẹ gbọ́ ọ dé ìdí kí ẹ tó fi ẹnu sí i. N kò sọ pé èyí á gbà yín là. Ẹni tó ní òun ti gbọ́n náà wà níbẹ̀, ó ń lé Rárá kiri. Mo rí i pé Bàbá Alàgbà ti ń dìde kí a fi àdúrà gbé ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá, ẹ ṣe é o, ẹ jẹ́ kí n parí.

Ọwọ́ yín ni ọ̀rọ̀ kù sí, Màmá Rúùtù. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ tú u sílẹ̀, n kò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹ bá dé ibẹ̀, wọ́n á ka gbogbo rẹ̀ fún yín, wọ́n á sì dúró de èsì yín. Ẹ lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ lè ní rárá. Wọn kì í fi í pamọ́ fún ẹni tí wọ́n bi, ọ̀kan kò fẹ̀ ju èkejì lọ. Èyí tí ẹ bá fẹ́, tiyín ni, èmi kò sì ní bi yín léèrè. Ẹ kàn gbìyànjú kí ẹ sùn, Mà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó.

Ẹ wò wọ́n, ẹ̀yin ará. Mo ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, gbogbo yín lẹ ti ń tòògbé. Àwọn nìkan ni ojú wọn là sílẹ̀.